Ohùn Abọ́sẹ̀dé Lábẹ́ Omi Tó Ń Já Bọ́

Láti Òṣòdì dé Ìsọlọ̀, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé Abọ́sẹ̀dé aláṣọ kì í pariwo. Bí oníbàárà bá ná àǹkárá rẹ̀ ní iye tí kò bójú mu, ẹ̀rín ni yóò rín, yóò sì ká aṣọ rẹ̀ pa dà jẹ́jẹ́. Ilé tó ń gbé kún fún ayálégbé, àwọn obìnrin ibẹ̀ sì lẹ́nu bí abẹ, àmọ́ ohùn tirẹ̀ kò kọjá ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ rí. Ó ń fi èyí yangàn ju ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ. Lójú tirẹ̀, aláriwo ò lẹ́kọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ sì parí.

Ẹ wá wo irú ìyàwó tí Olúbọ̀wálé, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, mú wálé lọ́dún tí owó Údójì, àfikún owó oṣù ìjọba, jáde. Kúnbi lorúkọ rẹ̀. Tíṣà ni, ó dúdú, ó dán, ó sì kúnlẹ̀ bó ṣe yẹ kí ọmọ kúnlẹ̀. Ló bá la ẹnu.

"Ẹ KÁÀSÁN, MÀ!"

Ife já bọ́ lọ́wọ́ Abọ́sẹ̀dé. Àwọn ayálégbé tú jáde, wọ́n rò pé ìjà ti dé. "Ìyá Bọ̀wálé, ṣé kò sí nǹkan o?" Bẹ́ẹ̀ ni Kúnbi ṣe ń sọ̀rọ̀ títí tó fi lọ, bí ẹni tó ń pe ará òdìkejì odò.

Abọ́sẹ̀dé pinnu lọ́jọ́ náà pé òun ò fẹ́ ẹ. Kò sọ fún Olúbọ̀wálé, torí ìfẹ́ ti mu ọmọ náà dé ọrùn. Ó kàn ní kí àwọn kọ́kọ́ lọ kí bàbá Kúnbi nílé wọn l'Ékìtì. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé bí òun bá débẹ̀, òun á tẹ̀ sí etí bàbá náà, òun á fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé àwọn ò ṣe mọ́. Kò ní sí ariwo, ojú ò sì ní ti ẹnikẹ́ni.

Olúbọ̀wálé fi mọ́tò ìjàpá tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà gbé ìyá rẹ̀ àti Kúnbi lọ. Bí wọ́n ṣe sọ̀ kalẹ̀ ní abúlé bàbá Kúnbi, Abọ́sẹ̀dé rò pé lọ́rì ńlá kan ló ń bọ̀, ó fa ọmọ rẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Lọ́rì kankan ò dé. Wọ́n gba abẹ́ igi kòkó kọjá, ariwo náà ń pọ̀ sí i, òtútù ń mú un lọ́sàn-án gangan. Nígbà tí igbó là, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀, kò lọ mọ́. Omi! Omi ń já bọ́ láti orí òkè tí ojú kò lè tó òpin rẹ̀, ó funfun báláú, ó ń lu àpáta, ó ń fọ́n sára ewé bí òjò winniwinni. Ìrókò tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ dà bí igi ata. Ó gbójú sókè wò ó títí gèlè rẹ̀ fi bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn. Ó ní "Yéè," ṣùgbọ́n òun gan-an kò gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu òun.

Ẹsẹ̀ òkè yìí gan-an ni ilé bàbá Kúnbi wà. Gbogbo ará ibẹ̀ ló ń kígbe: ọmọdé ń fi igbe kí àgbà, àgbà ń fi igbe ṣàdúrà fún wọn. Abọ́sẹ̀dé ń wò wọ́n tìyanu tìyanu. Bàbá arúgbó náà fi ayọ̀ fún un ní àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ti Abọ́sẹ̀dé fún ohun tó bá wá, àmọ́ ó ti wá ná. Ó tẹ̀ sí etí bàbá, ó sọ ọ́. Bàbá náà mi orí pé òun ò gbọ́.

"Kúnbi! Wá bá mi gbọ́ ohun tí màmá ń wí! Ohùn tìrẹ nìkan ló ń wọ etí mi!"

Kúnbi sáré wá, ó kúnlẹ̀ sáàárín àwọn méjèèjì, ó gbé etí sún mọ́ ẹnu Abọ́sẹ̀dé. Ṣé kó sọ ọ́ ni, àbí kó gbé e mì? Ṣebí wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ; ó dá a lójú pé tíṣà á mọ bí yóò ṣe bu omi tútù sí i. Ló bá sọ ọ́ jẹ́jẹ́, pé òun ò fẹ́ ìyàwó tó ń pariwo.

Ọmọ náà wò ó. Ó wá yíjú sí bàbá rẹ̀.

"BÀBÁ! WỌ́N NÍ ÀWỌN Ò FẸ́ MI! WỌ́N NÍ MO MÁA Ń PARIWO!"

Olúbọ̀wálé, tó ń bá àwọn ọmọdé ṣeré lẹ́bàá omi, yíjú wo ìyá rẹ̀. Obìnrin tó ń gúnyán gbé ọmọ odó dúró sókè. Abọ́sẹ̀dé ìbá wọlẹ̀ bí ilẹ̀ bá lanu.

Bàbá fi ọwọ́ ti etí síwájú. "Wọ́n ní kí ni?"

Omijé ń dà lójú Kúnbi. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún, ó sì la ẹnu láti tún un wí. Ara Abọ́sẹ̀dé kò gbà á mọ́. Ohun tó bú jáde lọ́fun rẹ̀, kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

"RÁRÁ O! ÌYÀWÓ MI NI! MO FẸ́ Ẹ, BÀBÁ! MO FẸ́ Ẹ!"

Kúnbi wò ó, kò rẹ́rìn-ín, kò sì dìde lórí ìkúnlẹ̀.

"Ẹ gbóhùn sókè sí i, mà," ló wí. "Bàbá ò tíì gbọ́."