Ọjọ́ Tí Mo Sẹ́ Àbúrò Mi ní Hamburg

Òórùn koríko tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, tó dàpọ̀ mọ́ ti sọ́séèjì tí wọ́n ń yan lórí iná, ni mo kọ́kọ́ gbọ́ bí mo ṣe wọ pápá ìṣeré náà ní Hamburg. Ó ti lé ní ogún ọdún báyìí. Láti Spandau ní Berlin ni mo ti wọ ọkọ̀ ojú irin lọ wo àbúrò mi, àbí ohun tí mo sọ fún un nìyẹn. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mo fẹ́ kí wọ́n fìyà jẹ ẹ́ lójú mi.

Èmi ni mo kọ́kọ́ dé Germany. Èmi ni mo tò sórí ìlà láti ìdájí ní ọ́fíìsì àwọn àjèjì ní Moabit ní Berlin, tí mo ń fọ abọ́ nílé oúnjẹ kí n lè kàwé, èmi náà ni mo sì bá a wá ilé ìwé. Kò pẹ́ tó dé Hamburg ni ẹgbẹ́ kan rí i níbi tó ti ń fi bésíbọ́ọ̀lù ṣeré, ni wọ́n bá ní kó wá fi ṣiṣẹ́. Ìwọ náà mọ eré yẹn: ẹnìkan á ju bọ́ọ̀lù kékeré, alátakò á fi igi gbá a. Àbúrò mi ni wọ́n fi ṣe ẹni tó ń jù ú. Látìgbà náà, bí ìyá wa bá ti pè mí, á bi mí bóyá ara mi le, kí n tó dáhùn ó ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ tí àwọn òyìnbó ń pàtẹ́wọ́ fún. Mo máa ń bá a yọ̀ lẹ́nu, àyà mi á sì máa ta mí bí ojú tí ata kó sí.

Ẹ̀gbẹ́ bàbá òyìnbó arúgbó kan ni mo jókòó sí. Kò pẹ́ rárá tó fi hàn pé ọjọ́ náà kò ní í san ẹgbẹ́ àbúrò mi. Bó bá ti ju bọ́ọ̀lù, àwọn ẹgbẹ́ àlejò á gbá a fò kọjá odi. Ó di mẹ́rin sí òdo, ó di mẹ́sàn-án, ó di mẹ́rìnlá. Àwọn èèyàn ti ń dìde lọ sílé. Mo rí i tó ń nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò léraléra, inú mi sì ń dùn, kí n má purọ́ fún ọ.

Bàbá náà bi mí bóyá mo mọ ọmọ yẹn.

Mo ní, “Mi ò mọ̀ ọ́n rí.”

Ó ní òun gbọ́ nígbà tí olùkọ́ wọn fẹ́ mú un jáde, ṣùgbọ́n ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi òun sílẹ̀ lórí pápá, torí pé apá ń dun ẹnì kan ṣoṣo tó lè rọ́pò rẹ̀. Kò tíì sọ̀rọ̀ náà tán tí àbúrò mi fi wo apá ọ̀dọ̀ wa, tó rí mi, tó sì tẹríba kí mi níwájú gbogbo ayé.

“Brọ̀dá mi, ẹ káàbọ̀.”

Kò sí èdè tí ìkíni yẹn nílò. Bàbá náà wò ó, ó wò mí, ó sì rọra gbójú kúrò lára mi.

Mọ́kànlélógún sí òdo ni wọ́n parí ẹ̀. Ó mú mi lọ sí yàrá rẹ̀ ní Jenfeld, ó se ìrẹsì, ó gbé ẹran tó tóbi jù sínú abọ́ mi. Mo sọ fún un pé mo ti sẹ́ ẹ.

Ó wá ní, “Ṣé torí pé wọ́n ń nà mí ni, Brọ̀dá?”

“Rárá. Torí pé o ti ń borí tipẹ́ ni.”

Ó kó abọ́ wa méjèèjì, ó lọ fọ̀ wọ́n. Oṣù mélòó kan kọjá kó tó tún pè mí bíi ti tẹ́lẹ̀.

Mo ti rò pé owó rẹ̀ àti àtẹ́wọ́ àwọn èèyàn ni mo ń jowú. Ṣùgbọ́n ká ní èmi ni mo wà lórí pápá yẹn, ǹ bá ti sá jáde kó tó di mẹ́wàá, kí apá ẹlòmíràn sì bàjẹ́. Mo ṣì ń jowú rẹ̀ dòní. Ó kàn jẹ́ pé mo ti wá mọ ohun tí mo ń wá lára rẹ̀, mo sì mọ̀ pé bó ti wù kó ṣubú tó, ìṣubú rẹ̀ kò lè sọ irú ọkàn bẹ́ẹ̀ di tèmi.