Àwòrán Bàbá Mi Tí Oòrùn Jẹ

Bàbá mi kò ní àwòrán. Ẹlòmíràn á ní irọ́ ni, torí láyé ìsinsìnyí, ẹni tí kò ní fóònù pàápàá ní àwòrán nínú fóònù ẹlòmíràn. Ọ̀kan ṣoṣo tí bàbá mi ní ni ti káàdì ìdìbò. Kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju èékánná lọ, ó sì dà bí ẹni tí ọlọ́pàá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú. Èmi ọmọ rẹ̀ obìnrin sì rèé, ayàwòrán ní Osi, tí mo ti ya ìyàwó, mo ti ya ìkómọ, mo ti ya òkú, mo ti ya ewúrẹ́ fún ẹni tó fẹ́ tà á sí Ìlọrin. Tí mo bá gbé kámẹ́rà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní Ìdòfin, á ní kí n lọ ya iṣu, òun kò tíì wẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n kó iṣu jọ tán lọ́dún náà, ó ránṣẹ́ pè mí. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń bá a fínra, ó sì ti gbẹ. Ó ní, “Ọmọ mi, wá yà mí, kí ojú mi ṣì jẹ́ ojú mi.” Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í sọ fún àgbàlagbà pé àwòrán tí a ó lẹ̀ mọ́ ògiri lọ́jọ́ tó bá lọ ni a fẹ́ yà. “Fún ìrántí” la máa ń sọ, gbogbo wa á sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló wá sọ ọ́ báyìí. Ẹ̀rù bà mí.

Lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí mo lọ, mo ti ya ìyàwó àwọn Mùsùlùmí kan ní Osi, nínú pálọ̀ tó ṣókùnkùn, torí a kò tíì rí iná fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nínú kámẹ́rà, nọ́ńbà kan wà tó ń sọ bí yóò ṣe jẹ́ wọ̀bìà sí ìmọ́lẹ̀ tó. Nínú òkùnkùn, à ń gbé e sókè kí ó lè fa ìwọ̀nba tó bá rí. Nínú oòrùn, à ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ dé ọgọ́rùn-ún, torí oúnjẹ rẹ̀ ti pọ̀ jù níta. Mo gbé e dé ẹgbẹ̀rún mẹ́fà lé ní irinwó, mo ṣí ojú kámẹ́rà sílẹ̀ gbayawu, mo ya ìyàwó tán, mo sì lọ sílé. N kò dá a padà. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ oṣù méjì kì í ṣe irú ẹ̀.

Àṣìṣe kejì tún wà. Mo ti pa ojú ẹ̀yìn kámẹ́rà, èyí tó máa ń fi àwòrán hàn lẹ́yìn tí a bá yà á, kí bátìrì lè pẹ́. Gbogbo àwa ayàwòrán ibí la ń ṣe bẹ́ẹ̀ tí iná bá ti lọ. A máa ń yà bí afọ́jú, a ó wá lọ wò ó níbi tí wọ́n bá ti tan jẹnẹrétọ̀.

Ọ̀kadà gbé mi dé Ìdòfin lọ́sàn-án gangan. Bàbá mi ti wọ sùtánà ìjọ Aládùúrà rẹ̀, ó funfun báláú, ó di àmùrè aláwọ̀ ojú ọ̀run mọ́ ọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ lásán lórí ilẹ̀ tó gbóná. Ó dúró níwájú abà iṣu. Mo ní kí ó jẹ́ ká bọ́ sí abẹ́ igi máńgòrò. Ó ní, “Ẹni ọgọ́rin ọdún kè é sá fún oòrùn níwájú ulé rẹ̀. Oòrùn mọ̀ mí.”

Mo yà á ní ìgbà mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Nínú ihò tí mo ń yọjú sí, nọ́ńbà kan ń tàn, ó ń kú. Kámẹ́rà ń bẹ̀ mí ni, ó ń sọ pé bí òun ṣe lè yára ṣẹ́jú mọ nìyí, ìmọ́lẹ̀ ti fẹ́ pa òun. Mo rò pé bátìrì ló fẹ́ kú, mo bá tún kánjú sí i.

Ẹsẹ̀ Bàbá ti ń gbọ̀n. Ó bi mí pé, “Ṣé ojú mi wọ ibẹ̀?”

Mo ní, “Ó wọ ibẹ̀, Bàbá.”

Kí ó tó jókòó, ó tún bi mí. Mo ní ó wọ ibẹ̀ dáadáa. N kò tíì rí ẹyọ kan.

Nígbà tí mo padà dé Osi, mo gbé kọ̀ǹpútà lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń fi jẹnẹrétọ̀ gba iná sí fóònù àwọn ènìyàn. Mo ṣí àkọ́kọ́. Funfun. Mo ṣí èkejì. Mo ṣí gbogbo wọn. Ẹnu ọ̀nà abà ló kù, ó rí bí eérú, àti àmùrè tó ti ṣá. Sùtánà ti dà pọ̀ mọ́ ojú sánmà, ojú bàbá mi sì ti dà pọ̀ mọ́ sùtánà. Mo rẹ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, funfun kàn di eérú ni, imú kò jáde, ojú kò jáde. Àwòrán tó ṣókùnkùn, èèyàn lè bẹ̀ ẹ́, á dá nǹkan díẹ̀ padà. Èyí tí oòrùn bá ti jẹ, ó ti gbé e mì. Mo fi orí lé tábìlì, mo sunkún débi pé ọkùnrin náà bi mí pé ta ló kú.

Mo ní ilẹ̀ kò ní mọ́ tán kí n tó padà sí Ìdòfin. Fóònù ìyá mi ló jí mi. Bàbá ti ṣubú ní balùwẹ̀. Ọwọ́ òsì àti ẹsẹ̀ òsì kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́, ẹnu rẹ̀ sì ti yí lọ sápá ọ̀tún.

Ọjọ́ méjìlá ni wọ́n fi dá a dúró nílé ìwòsàn. Lójoojúmọ́ ni mò ń gbàdúrà, kí n má sì parọ́, kì í ṣe ìwòsàn ni mo kọ́kọ́ ń tọrọ. Mò ń bẹ Ọlọ́run pé kí ojú náà padà bọ̀ sípò fún ìṣẹ́jú kan péré, kí n fi yà á. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí.

Nígbà tí wọ́n gbé e wálé, mo rí i pé ìyá mi ti yọ dígí ìwojú kúrò lára ògiri. Nǹkan tí Bàbá kọ́kọ́ béèrè ni àwòrán rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ń wúwo lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ó yé wa. N kò lè tún pa irọ́ kejì. Mo fi ọ̀kan hàn án.

Ó wò ó títí. Ó ní, “Ojú mi dà?”

Mo dọ̀bálẹ̀ fún un bí ọkùnrin, n kò mọ ìgbà tí mo dé ilẹ̀. Mo ní, “Èmi ni mo bà á jẹ́, Bàbá. N kò wo kámẹ́rà.” Ó fi ọwọ́ tó ṣì ń gbọ́ tirẹ̀ júwe ìta.

A gbé e lórí àga lọ sábẹ́ máńgòrò, ìyá mi wọ sùtánà fún un. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ṣe é bí ẹni tó ń gbé ẹyin. Mo rẹ nọ́ńbà sílẹ̀. Mo tan ojú ẹ̀yìn kámẹ́rà. Tí aṣọ funfun bá pọ̀, kámẹ́rà máa ń rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á sì sọ ojú ènìyàn dúdú di èédú, torí náà ara ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni mo ti wọn ìmọ́lẹ̀, kì í ṣe ara sùtánà. Mo yà á. N kò tíì ya àwòrán tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Gbogbo irun àgbọ̀n rẹ̀ ṣeé kà. Ẹnu náà hàn, àti ìpéǹpéjú tó ti wó lulẹ̀.

Ó ní, “Fi hàn mí.”

Mo ní kí ó jẹ́ kí n lọ tún un ṣe ná.

“O ò wò ó níjọ́sí. Fi hàn mí.”

Mo wo ìyá mi, ìyá mi wo ilẹ̀. Mo yí kámẹ́rà sí i.

Ó sún mọ́ ọn. “Ìsí nì yí?” Bí ẹni tó ń béèrè ta ni àlejò tó ń bọ̀ lọ́nà. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó fi ìka kan ẹnu ara rẹ̀, ó rọra tẹ̀ lé e títí dé ibi tó yí sí. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ti ìjọ́sí ni kí ẹ lò.”

Kí àkọ́rọ̀ òjò tó rọ̀, ó kú. A lẹ ti ìjọ́sí mọ́ ògiri, bó ṣe wí. Àwọn ará ìjọ dúró sí iwájú rẹ̀, alàgbà kan sì dì mí lọ́wọ́ mú. Ó ní òun kò rí irú rẹ̀ rí, pé ògo Ọlọ́run ló bo ojú bàbá mi bẹ́ẹ̀. Mo ní àmín.