Oògùn Kejì

Ooru ló lé mi dé ọ̀dọ̀ dókítà l'Ọ́wọ̀. Nǹkan oṣù mi ti dúró láti bí ọdún méjì, ṣùgbọ́n ooru kò jẹ́ n gbádùn. Mo ń kọ́ni lọ́wọ́ ni òógùn á bò mí, màá jágbe mọ́ ọmọ tí kò ṣẹ̀ mí. Dókítà fún mi ní oògùn méjì. Ó ní ọ̀kan á lé ooru lọ, èkejì kò ní jẹ́ kí awọ inú ilé ọmọ mi nípọn jù. Ó ní mi ò gbọdọ̀ lo ọ̀kan láìlo èkejì.

Àmọ́ bí mo bá ti lo èkejì yẹn, oorun kì í dá lójú mi. Mo bá ráhùn fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìdóàní. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ náà! Oògùn ooru nìkan lèmi ń lò, ṣé mo kú ni?" Ta ni mo fẹ́ gbà gbọ́ jù ú lọ? Mo ti èkejì sínú dúrọ́ọ̀.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, ẹ̀jẹ̀ dé. Ẹ̀jẹ̀ kẹ̀, èmi tí mo ti ní ọmọ-ọmọ! Aládùúgbò mi rí mi níbi tí mo ti ń ra páàdì, ó ní, "Ìyá wa, ọmọ Sárà ń bọ̀ o!" Mo rẹ́rìn-ín, mo gba ọ̀dọ̀ dókítà lọ.

Dókítà fi ẹ̀rọ wò mí. Awọ náà ti nípọn kọjá ààlà. Ó mú díẹ̀ níbẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá jẹjẹrẹ ni, ó ní kí n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì! Mi ò lè jókòó, mi ò lè dúró. Mo fọ aṣọ tó mọ́, mo tún un fọ̀. Ẹni tó bá kí mi, màá kanra mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ èsì, ẹ̀gbọ́n mi wọkọ̀ wá. Lórí bẹ́ǹṣì níta ọ́fíìsì dókítà, kò lè wojú mi.

"Àbúrò mi, foríjì mí. Ọdún tí mo ní wọ́n yọ iju, kókó inú ilé ọmọ, fún mi, gbogbo ilé ọmọ ni wọ́n yọ. Mi ò fẹ́ kí orogún mi gbọ́, ni mi ò ṣe sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìdí tí wọn ò fi fún mi ní èkejì nìyẹn."

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ wí?"

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Orí tèmi ti wọ́ pátápátá! Ó ṣe mí bíi kí n gbá a létí, ó sì tún ṣe mí bíi kí n dì mọ́ ọn.

Wọ́n pè wá wọlé. Dókítà ní kì í ṣe jẹjẹrẹ, kò tíì débẹ̀. Oògùn kejì yẹn náà ni màá fi tún un ṣe, màá sì padà wá fún àyẹ̀wò.

Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́kún. "Dókítà, èmi ni mo ṣì í lọ́nà. Èmi ò ní ilé ọmọ o!" Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì ló gbọ́. Mo dìde kí n ti ilẹ̀kùn. Ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.