Ohun tí Olúrónkẹ́ Bá Lẹ̀ Kì í Ṣí

Bí ẹ bá rí Olúrónkẹ́ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ní Torino, nílẹ̀ Ítálì, lónìí, ẹ ò ní mọ̀ pé ilé iṣẹ́ awọ lẹ́bàá Vicenza ló ti ń ṣe làálàá tẹ́lẹ̀, tí òórùn awọ ò kúrò lára rẹ̀ bó ti wù kó wẹ̀ tó. Ó ti kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán nílé kó tó dé ọ̀hún, ó sì ń lẹ wíìgì fún àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí Ginevra, olórí ẹgbẹ́ oníjó kan, ń wá aránṣọ, Olúrónkẹ́ lọ bá a. Ginevra ní kó rán ti eré kan wò ná: bó bá dára, iṣẹ́ di tirẹ̀, bí kò bá dára, kó padà sídìí awọ.

Ẹ má bojú o, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí. Oníjó tó ń bọ́ṣọ lórí ìtàgé ni wọ́n, ìtàn aṣọ wọn ni eré náà sì dá lé. Láyé ọjọ́un, láwọn ìlú òyìnbó kan, òfin ò gbà kí orí ọmú oníjó hàn. Làwọn náà bá lẹ ìbòrí pẹ́ńpẹ́ mọ́ ọn, wọ́n to ìlẹ̀kẹ̀ sí i, wọ́n so wajawaja mọ́ ọn kó máa yí bí wọ́n ti ń jó. Òfin ní kí wọ́n bò ó. Wọ́n bò ó débi pé ibẹ̀ gan-an ni gbogbo èèyàn ń wò.

Irú ìbòrí bẹ́ẹ̀ ni Olúrónkẹ́ rán, ó sì dùn-ún wò. Àmọ́ nígbà ìdánrawò ní Padova, òógùn bo Ginevra, ọ̀kan já bọ́. Wọ́n tún un lẹ̀, èkejì tún bọ́.

"Ọ̀la ni eré," Ginevra wí. "Bó bá bọ́ níwájú èrò, a ò ní lè jọ ṣiṣẹ́ mọ́."

Olúrónkẹ́ pe Oyinkán ọmọ rẹ̀ lórí fóònù, ó ro gbogbo rẹ̀ fún un.

"Mamma, e le parrucche?" ni ọmọ náà dáhùn lédè Ítálì. Ó ń bi í léèrè wíìgì ni. Ó ní àbí Màmá Ìfẹ́táyọ̀, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, kọ́ ló yí gbiri nílẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì nígbà àdúrà, tí wíìgì tí Olúrónkẹ́ lẹ̀ fún wọn ò mì?

Lọ́jọ́ kejì, Olúrónkẹ́ fi sípíríìtì nu àyà Ginevra, ó fi gọ́ọ̀mù wíìgì pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó fẹ́ ẹ, ó tún pa á, ó wá tẹ ìbòrí mọ́ ọn. Ó tú síkáàfù orí ara rẹ̀, ó fi di àyà náà pinpin, bó ṣe máa ń di iwájú orí àwọn oníwíìgì.

"Ṣé mo lè mí?" Ginevra béèrè.

"Ẹ máa mí díẹ̀díẹ̀."

Nígbà tí gọ́ọ̀mù gbẹ, tí wọ́n tú síkáàfù náà, Ginevra bọ́ sórí ìtàgé, ó jó, ó fò, òógùn ń ṣàn, wajawaja ń yí bíi fáànù. Kò sóhun tó bọ́. Èrò dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Olúrónkẹ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé, ayọ̀ mú un débi pé omijé ń dà lójú rẹ̀.

Lẹ́yìn eré, gbogbo oníjó ti múra tán, Ginevra ṣì ń fa ìbòrí. Kò ṣí. Olúrónkẹ́ mú òróró ólífì jáde nínú báàgì.

"Ta ló máa rán ti eré Genova?" ọ̀kan nínú wọn béèrè.

Ginevra wo àyà ara rẹ̀. "Ta tún ni? Àbí ẹ̀yin lẹ máa bá mi ṣí èyí?"

Olúrónkẹ́ da òróró sọ́wọ́, ó rọra ń fi pa á, kò sì kánjú rárá.