Ọjọ́ Tí Èmi Nìkan Dìde Nítorí Ilé-Ẹ̀kọ́ Inú Oko

Ó ku bí ọdún kan kí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ní abà kan lápá Ẹ̀gbẹ́dá, níbi tí mo ti ń kọ́ ọmọ méjìdínlógún. Wúràọlá ọmọ mi wà nínú wọn. Ẹ̀yin tíṣà tí ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn wa máa ń bi mí pé kí ló dé tí n kì í tètè gba ẹni tó bá ní, "Gbogbo wa la jọ wà ńbẹ̀," gbọ́. Ìdí rẹ̀ nìyí.

Bí iṣẹ́ oko bá wọ̀, ọmọ mẹ́rin péré ló máa ń wá. N kò lè bá àwọn òbí jà, nítorí koríko kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ni mo bá sọ ẹ̀kọ́ di àáró. Èmi àti àwọn ọmọ á lọ ro oko òbí kan lónìí, ti òmíràn lọ́la. Bí oòrùn bá kanrí, a ó jókòó sábẹ́ igi, wọn á sì fi ẹ̀ka kékeré kọ lẹ́tà sórí ilẹ̀. Ebè iṣu la fi ń ṣe ìṣirò: ìlà mẹ́fà, ebè mẹ́wàá lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, mélòó ni? Kí oṣù tó parí, àwọn méjìdínlógún ti pé.

Àwa tíṣà méje máa ń pàdé lóṣooṣù láti sọ ohun tí oníkálukú dán wò. Nígbà tí mo sọ tèmi, Bàbá Sámúẹ́lì, àgbà wa, bú sẹ́rìn-ín.

"Ṣé tíṣà ni ọ́ ni, àbí alágbàro?"

"Méjèèjì ni, Bàbá. Ẹ wo ọwọ́ mi."

"Ta ló ń fún yín lóúnjẹ ọ̀sán?"

"Àwọn òbí ló ń sun iṣu fún wa."

"Ẹ ò rí i. Ikùn ló gbé e débẹ̀."

Dáníẹ́lì ọ̀rẹ́ mi kò rẹ́rìn-ín. Tíṣà bíi tèmi ni, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ní abà tirẹ̀. Mo lọ bá a ro oko fún ọjọ́ mẹ́ta títí ó fi mọ̀ ọ́n ṣe, àwọn ọmọ rẹ̀ sì padà.

Kò pẹ́, àlùfáà òyìnbó tó ń bójú tó wa ní kí a ti gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ inú oko, kí àwọn ọmọ máa wá sí ìgboro. Ọ̀nà náà gùn, àwọn ajínigbé sì ti kó obìnrin méjì lẹ́bàá odò tó wà níbẹ̀. Ọ̀nà yẹn ni wọ́n fẹ́ kí Wúràọlá máa rìn.

Àwa méjèèje pinnu pé gbogbo wa ni yóò dìde lòdì sí i. Dáníẹ́lì ló sọ ọ́ le jù: "Ẹni tó bá jókòó, kó má pe ara rẹ̀ lọ́kùnrin mọ́." Mo délé, mo sọ fún àwọn òbí pé ilé-ẹ̀kọ́ kò ní kúrò.

Ọjọ́ ìpàdé pé. Àlùfáà ní, "Ẹni tó bá fẹ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ inú oko wà, kó dìde." Mo dìde. N kò gbọ́ ìró àga mìíràn. Àlùfáà yíjú sí Dáníẹ́lì.

"Mo gbọ́ pé ìwọ náà ń ṣe é."

"Rárá o, Bàbá. Ó kàn wá fi hàn mí ni. Iṣẹ́ oko ló ń fi àwọn ọmọ ọlọ́mọ ṣe."

Ẹni tí a ní kó kín wa lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́. Mo bi í léèrè níta. Kò wò mí lójú.

"Wọ́n ti ní èmi ni n ó ṣe olórí ilé-ẹ̀kọ́ ìgboro. Èmi náà bímọ."

Wọ́n ti ilé-ẹ̀kọ́ wa; ọmọ mẹ́ta péré ló ń rin ọ̀nà ìgboro. Mo kọ́ Wúràọlá nílé. Àwọn mẹ́rìnlá yòókù padà sídìí ọkọ́. Ìyá Àṣàbí, tí ọmọ rẹ̀ wà lára wọn, wá bá mi.

"Tíṣà, ṣebí ẹ ní kò ní kúrò?"

"Wọ́n dà mí ni, ìyá."

"Àwa ò bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin la bá sọ̀rọ̀."

Lónìí, àwọn tíṣà kan ń fi ebè kọ́ ọmọ ní ìṣirò láìmọ ibi tó ti wá. Èrè tí a jẹ nìyẹn. Ṣùgbọ́n Dáníẹ́lì kọ́ ni àwọn ọmọ mẹ́rìnlá yẹn ń wò. Èmi ni.

Lẹ́yìn ogun, nígbà tí mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọmọ nínú oko, Ìyá Àṣàbí fa àbíkẹ́yìn rẹ̀ lọ́wọ́ wá.

"Ṣé ẹ̀yin àtàwọn tíṣà ọjọ́sí náà ni?"

"Èmi nìkan ni."

Ó ṣe díẹ̀ kó tó tú ọwọ́ ọmọ náà sílẹ̀ fún mi.