Bàbá Kóòtù àti Ọ̀rẹ́ Rẹ̀ Tí Kò Kí I

Bí ẹ bá dé Òkìtìpupa lónìí tí ẹ dárúkọ Bàbá Kóòtù, ọ̀rọ̀ àwòrán olóṣèlú ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ fún yín. Ìdìbò ń bọ̀ lọ́nà nígbà náà, olùdíje kan sì ti gbé àwòrán ara rẹ̀ kalẹ̀ sí oríta. Àwòrán náà ga tó èèyàn, ó wọ agbádá funfun, ó ń rẹ́rìn-ín. Bàbá Kóòtù àti ìyàwó rẹ̀, Títíladé, ń ti ọjà bọ̀. Bí wọ́n ṣe dé ibẹ̀, ọkùnrin náà dúró, ó na ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀ síwájú.

"Ìwọ ọmọkùnrin yìí," ó ní, "lánàá tí mo kọjá níbí, ò ń wò mí, o ò kí mi. Mo ní bóyá ojú ló ń tì ọ́. Lónìí mo tún dé, o tún ń wò mí, o wá ń fi eyín ṣe mí ní yẹ̀yẹ́. Ṣé bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nílé yín nìyẹn?"

Títíladé fà á láṣọ, ó rọra sọ fún un pé àwòrán ni. Ó já aṣọ rẹ̀ gbà, ó ní kó má gbèjà ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́. Àwọn ọlọ́kadà ti pagbo yí i ká. Ó bi àwòrán léèrè iná mànàmáná, ó bi í léèrè ọ̀nà, ó bi í léèrè omi ẹ̀rọ. Àwòrán kò fèsì. Ó yíjú sí àwọn ọlọ́kadà, ó ní ṣé wọ́n ti rí i báyìí pé kò ní nǹkan kan láti sọ. Àtẹ́wọ́ tí wọ́n pa fún un lọ́jọ́ náà, olùdíje fúnra rẹ̀ kò rí irú rẹ̀ gbà títí ìdìbò fi parí.

Nígbà tí wọ́n délé, tí Títíladé rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú, Bàbá Kóòtù ní ta ló sọ fún un pé òun kò mọ̀ pé àwòrán ni. Ó ní ẹni tó ni àwòrán lòun ń ránṣẹ́ sí.

Akínrẹ̀mí ni orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀ ni títí ó fi fẹ̀yìn tì, ìdí nìyẹn tí gbogbo ìlú fi ń pè é ní Bàbá Kóòtù. Ó gbọ́ ẹjọ́ àwọn ẹlòmíràn púpọ̀ nígbà ayé rẹ̀, kò sì dá sí ọ̀kankan, nítorí akọ̀wé kì í sọ̀rọ̀ nílé ẹjọ́. Ọjọ́ tó fẹ̀yìn tì ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti gbé mì. Inú a máa bí i sí ìròyìn orí rédíò, a máa bí i sí kòtò ojú ọ̀nà, a máa bí i sí àwọn tó ń ta ẹja kékeré ní iye ẹja ńlá. Bí ìbínú náà bá wá ru dójú ẹ̀, Yorùbá kóòtù a sá kúrò lẹ́nu rẹ̀, ojúlówó ẹ̀ka èdè Ìkálẹ̀ ni yóò máa fi ṣe é, àlejò kò ní gbọ́ ìdajì ohun tó ń sọ.

Ohun tó wà nídìí ọ̀pọ̀ ìbínú náà ni pé ojú rẹ̀ ń kú lọ. Nǹkan funfun kan ti bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì. Títíladé mọ̀. Dora, ọmọbìnrin wọn tó wà ní Àkúrẹ́, mọ̀. Òun nìkan ni kò gbà. Ó ní ojú òun kò ṣe nǹkan kan, pé ìlú ló ṣókùnkùn, kí wọ́n lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó kọ̀ láti mú iná wá.

Nígbà tí kò lè ka ìwé ìròyìn mọ́, Dárasími tó ń ta ìwé ìròyìn nítòsí gáréèjì ló gbá mú. Ó ní wọ́n ti sọ lẹ́tà di kékeré láti fi tọ́jú yíǹkì. "Ìjọba yọ owó ìrànwọ́ lórí epo, ẹ̀yin náà wá yọ ẹran lára lẹ́tà," ó ní. Ọmọbìnrin náà tọrọ àforíjì, ó ní òun yóò bá wọn sọ ọ́.

Dora fi ọgbọ́n mú un lọ sí ilé ìwòsàn kan nígbẹ̀yìn. Wọ́n jókòó títí oòrùn fi kan àtàrí. Nọ́ọ̀sì ń sọ pé kí àwọn aláìsàn máa ka lẹ́tà tó wà lára ògiri lọ́kọ̀ọ̀kan, Bàbá Kóòtù sì dẹtí sílẹ̀, ó gbọ́ bí ẹni tó wà níwájú rẹ̀ ṣe kà á, ó há a sórí. Nígbà tó kàn án, ó dìde, ó na àyà, ó ka gbogbo rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìṣi ọ̀kankan kà. Dora fọwọ́ bo ojú. Nọ́ọ̀sì ti yọ ìwé lẹ́tà náà kúrò lára ògiri kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní iṣẹ́ abẹ ni ojú náà fẹ́, Bàbá Kóòtù ní ẹni tó ń yọ ìwé fún àgbàlagbà kò lè fọwọ́ kan ojú òun.

Ìbínú kan wá wà tí kì í ṣe ẹ̀rín. Ti Mùíbì ni.

Mùíbì àti Akínrẹ̀mí ti jọ ń ṣọ̀rẹ́ láti ìgbà èwe. Oníṣòwò epo pupa ni Mùíbì, ìlú Akotogbo ló ti ń ra epo, kò sì sí ẹni tó ní ohùn bíi tirẹ̀ ní gbogbo ọjà. Láràárọ̀ tó bá ń lọ kírun àsùbáà, a dúró níwájú ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀, a pariwo pé, "Akínrẹ̀mí, ṣé o jí?" Èyí tó wà nínú ilé a dáhùn pé bí òun kò bá tíì jí tẹ́lẹ̀, ta ló tún fẹ́ sùn ní àdúgbò náà. Látìgbà tí wọ́n ti gbọ́ pé ọkọ̀ ojú irin tuntun ń ná Èkó sí Ìbàdàn ni wọ́n ti ń múra láti lọ wọ̀ ọ́ pọ̀. Bàbá Kóòtù gbà á bí ẹ̀tọ́. Ó ní kí ni Ìkálẹ̀ ṣe tí wọn kò fi na irin kankan wá sọ́dọ̀ àwọn.

Ní àsìkò òjò kan, ohùn Mùíbì dákẹ́. Gẹ̀gẹ̀ ló yọ sí i lọ́rùn. Ó lọ ṣe iṣẹ́ abẹ rẹ̀ ní ìlú òkèèrè láìsọ fún ẹnikẹ́ni lẹ́yìn ìyàwó rẹ̀, nígbà tó sì ń bọ̀, ohùn rẹ̀ kò bá a wálé mọ́. Àwọn dókítà ní yóò padà láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọ́n tún ní ó di oṣù mélòó kan, lẹ́yìn náà wọn kò sọ nǹkan kan mọ́. Ojú ti Mùíbì. Ẹni tí gbogbo ayé fi ohùn mọ̀, kí ni yóò sọ fún wọn? Ìyàwó rẹ̀, Mọ̀rìdíyà, ló ń bá a sọ fún àwọn tó bá béèrè pé òtútù mú un. Mùíbì a kàn máa juwọ́ sí àwọn èèyàn, a sì máa rẹ́rìn-ín. Gbogbo ẹni tó bá rí ọwọ́ náà á kí i padà, kò sì sí ìjà.

Bàbá Kóòtù nìkan ni kò rí ọwọ́. Bàtà Mùíbì ló ń gbọ́ tí ń kọjá lọ láàárọ̀, kò gbọ́ ìkíni. Lọ́jọ́ kìíní ó ní bóyá ó ń kánjú. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kọjú síbi tí ìró bàtà ti ń bọ̀, ó sì pòṣé. Mùíbì, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ juwọ́, rí i pé ọ̀rẹ́ òun wo òun lójú, ó sì pòṣé sí òun. Inú bí òun náà. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Nígbà tí ojú ẹnì kan kò ríran, tí ẹnu ẹnì kejì kò sì sọ̀rọ̀, níbo ni ọ̀rọ̀ fẹ́ wà?

Bàbá Kóòtù búra pé òun kò ní bá ẹni tí kò lè kí èèyàn wọ ọkọ̀ ojú irin. Ó ní wọn kò gbọdọ̀ dárúkọ Mùíbì létí òun mọ́. Ṣùgbọ́n Títíladé ń wò ó. Ọkùnrin tí kò fẹ́ gbọ́ orúkọ ẹnì kan, kí ló ń jí lọ ṣe ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní kùtùkùtù, tí yóò dẹtí títí bàtà yóò fi kọjá? Kò jẹun dáadáa mọ́. Pupuru ẹ̀gẹ́ àti ọbẹ̀ ẹja tí kì í fi ṣeré, a máa kù sínú àwo. Ẹ̀rù ń ba obìnrin náà pé ọkọ òun yóò gbé ìjà yìí wọ sàréè.

Ìdí ẹlẹ́ja ló ti bá Mọ̀rìdíyà pàdé. Kò fi ọ̀rọ̀ yí i, ó bi í ní tààrà ohun tí ọkọ òun ṣe fún Mùíbì.

"Èmi ló yẹ kí n bi ọ́," ni Mọ̀rìdíyà sọ. "Ojoojúmọ́ ló ń juwọ́ sí i. Ọkọ rẹ a wò ó lójú, a sì pòṣé."

"Kí ló dé tó ń juwọ́? Kò lẹ́nu ni?"

Mọ̀rìdíyà wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ìyá Dora, ohùn rẹ̀ ti lọ."

Títíladé wá ibi kan jókòó. "Ojú ọkọ tèmi náà ti lọ," ó ní.

Wọ́n wo ara wọn, ẹ̀rín sì pa wọ́n títí ẹlẹ́ja fi béèrè bóyá wọ́n fẹ́ rajà tàbí wọn kò fẹ́. Ẹ̀rín náà kò pẹ́ tó fi di ìbínú. Gbogbo oṣù wọ̀nyí, àgbà ọkùnrin méjì ń fi ìgbéraga jẹ ara wọn níyà, nítorí kò sẹ́ni tó lè sọ nínú wọn pé ara òun kò yá.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Mọ̀rìdíyà mú ọkọ rẹ̀ wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá Kóòtù gbọ́ bàtà, ó gbọ́ pé ó dúró. Ó béèrè ẹni tó ń bọ̀, kò gbọ́ ìdáhùn. Ó ní ẹni tó bá wọlé onílé tí kò kí i, olè ni. Mùíbì mú ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e sí ọrùn ara rẹ̀ níbi tí àpá iṣẹ́ abẹ wà. Ìka Bàbá Kóòtù rìn lórí àpá náà láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì.

"Mùíbì?"

Mùíbì la ẹnu. Èémí lásán ló jáde, bí afẹ́fẹ́ tó gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. "Akínrẹ̀mí, ṣé o jí?"

Bí Bàbá Kóòtù ṣe la ẹnu, ìbínú ló bá jáde. Ta ló gé e lọ́rùn báyìí? Ilé ìwòsàn wo ni? Kí ló dé tó jẹ́ kí òun máa bú aláìṣẹ̀? Mùíbì dúró kó sọ tán, ó wá bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo, pé kí ló dé tí ọ̀rẹ́ òun náà fi ń wo òun lójú, tó sì ń pòṣé. Títíladé, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

"N kò rí ọ," ni ọkọ rẹ̀ sọ. "Mùíbì, n kò ríran mọ́."

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Títíladé sáré wọ ilé ìdáná, ó sunkún ayọ̀ níbẹ̀.

Wọ́n lọ wọ ọkọ̀ ojú irin náà lóòótọ́. Ní gáréèjì, bí awakọ̀ ṣe fẹ́ ti ẹnì kẹta mọ́ wọn níwájú ọkọ̀, Mùíbì kàn gún ọ̀rẹ́ rẹ̀ níhà ni, Bàbá Kóòtù sì fariwo ta. Nínú ọkọ̀ ojú irin, Mùíbì jókòó sí ojú fèrèsé, ó ń sọ ohun tó ń rí sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ létí, Bàbá Kóòtù sì ń kéde rẹ̀ fún gbogbo èrò tìbínú-tìbínú: afárá tí wọn kò parí, ilé ìwé tí kò lórùlé, ààtàn tó fẹ́ wọ inú ọ̀nà. Obìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn bi í pé bàbá, ṣé ẹ̀yin ń rí gbogbo ìyẹn. "N kò rí i," ó ní. "Inú ló ń bí mi."

Nígbà tí wọ́n padà délé, Bàbá Kóòtù gbà láti ṣe iṣẹ́ abẹ ojú. Ọ̀rọ̀ tó wà níbí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín mọ́. Wọ́n dá ọjọ́ fún un, àwọn dókítà gùn lé ìyanṣẹ́lódì. Wọ́n tún dá òmíràn, ẹ̀rọ amúnáwá kò lépo. Wọ́n dá ẹ̀kẹta, dókítà ojú ti jápa lọ sókè òkun. Bàbá Kóòtù ní bí ojú òun bá lè dá rìn, ì bá ti tẹ̀lé e lọ. Nígbà ọyẹ́, ó sùn, kò jí mọ́. Ó kú láìtún rí ojú ìyàwó rẹ̀, ẹni tó bá sì ní kí a má bínú sí i, kó wá sọ ohun tí à bá bínú sí.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Mọ̀rìdíyà lọ bá ọmọ rẹ̀ tó bímọ ní ìlú mìíràn, ọjọ́ tí Mùíbì fẹ́ lọ fi ọ̀fun han dókítà sì bọ́ sí àsìkò náà. Títíladé ló sìn ín lọ. Ilé ìwòsàn kún. Nọ́ọ̀sì jókòó sídìí tábìlì, ó ń pe orúkọ láìgbójú sókè. Ó pe Mùíbì. Mùíbì dìde, ó la ẹnu, kí ó tó ṣí ẹsẹ̀, nọ́ọ̀sì ti ní kò sí níbẹ̀, ó ti pe ẹlòmíràn. Nígbà tó yá, ó tún pè é, ó tún fò ó. Mùíbì jókòó jẹ́ẹ́, ó tẹ orí ba.

Títíladé kì í pariwo. Ní gbogbo ìgbà tó fi wà nílé ọkọ, aṣọ ọkọ rẹ̀ ló máa ń fà. Kò mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e dìde.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ dúró," ó ní. "Ẹni tí ẹ pè ti dìde lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ò gbójú sókè ni. Ibi tí wọ́n ti ń wo ọ̀fun rèé. Ẹni tí ohùn rẹ̀ ti lọ ló wá síbí, ohùn náà lẹ wá ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá lè dá yín lóhùn, kí ló fẹ́ wá ṣe lọ́dọ̀ yín?"

Ìyá arúgbó kan pàtẹ́wọ́. Nọ́ọ̀sì dìde, ó ní kí màmá má bínú, pé àwọn ló kàn báyìí. Títíladé jókòó. Ó yíjú, ó rí Mùíbì tó ń rẹ́rìn-ín láìsí ìró, omi ń ṣàn lójú rẹ̀. Mùíbì tẹ̀ síwájú, ó fi ẹnu sún mọ́ etí Títíladé.

"Ohùn Akínrẹ̀mí nìyẹn," ó ní.

Obìnrin náà fi ìborùn nu ojú. "Èmi náà gbọ́ ọ," ó ní, ó sì mú un lápá kí wọ́n wọlé.