Ẹyẹ Tó Wà Nínú Ọ̀rọ̀ Ìbẹ̀rẹ̀

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìlá, ìyá bàbá mi kì í dáwọ́ lé nǹkan kan láìkọ́kọ́ fetí sí ẹyẹ. Mùsùlùmí gidi ni wọ́n o, "Bísímílà" kì í kúrò lẹ́nu wọn. Ṣùgbọ́n bí kòwéè bá fi ké láàárọ̀, ìrìn àjò di ọ̀la nìyẹn. Ọ̀rọ̀ yìí kì í dùn mọ́ bàbá mi, olùkọ́ èdè òyìnbó, nínú rárá.

Ẹ wá wo ọjọ́ tí mo fẹ́ wọ ilé-ìwé girama ní Òkè-Ìlá. Wọ́n ti kọ́ ilé tuntun tí àwa ọmọ yóò máa sùn sí. Ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sọ pé ẹni tí kò bá dé lọ́jọ́ "inọ́gúréṣọ̀n" ilé náà, wọn yóò fi bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Àpótí mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ni kòwéè bá ké! Màmá àgbà jókòó gbẹdẹmukẹ lórí àpótí náà.

"Ọmọ yìí ò lọ síbì kan lónìí."

Bàbá mi bẹ̀ wọ́n títí, wọn ò dìde. Omijé ń dà lójú mi pòròpòrò. Kí n lè dákẹ́, bàbá mi gbé ìwé atúmọ̀ èdè wọn lé mi lọ́wọ́ pé kí n wá ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ gígùn yẹn, "inọ́gúréṣọ̀n". Ìfilọ́lẹ̀ ni, ìyẹn ìbẹ̀rẹ̀ nǹkan. Ṣùgbọ́n ọmọ ìtọpinpin ni mí, mo kà á dé ibi tí wọ́n kọ orírun rẹ̀ sí: ọ̀dọ̀ àwọn ará Róòmù àtijọ́ ló ti wá, wọn kì í bẹ̀rẹ̀ ohun ńlá láìwo bí ẹyẹ ṣe ń fò àti bó ṣe ń ké.

Mo kà á sókè. Bàbá mi bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá mi, àṣé ará Róòmù ni yín!"

Màmá àgbà ò rẹ́rìn-ín. "Bí ẹyẹ tiwọn bá wá kọ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n á dúró díẹ̀, wọ́n á tún wò ó," ni bàbá mi fèsì.

Màmá àgbà dẹ etí sílẹ̀. Àwọn ẹ̀gà ń pariwo lórí ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé.

"Ẹ̀gà ti fọhùn." Wọ́n dìde. "Ó yá, ẹ gbé e. Bísímílà."

Bí mo ṣe bá bẹ́ẹ̀dì mi nìyẹn.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, fóònù yín á sọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kí ẹ tó ṣẹ́jú, ẹ kì í sì í béèrè ibi tó ti wá. Wọ́n ti gé ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé wa. Màmá àgbà ti lọ, àárò wọn sì ń sọ mí. Lọ́jọ́ tí ọmọ mi ń lọ sí yunifásítì n'Ìbàdàn, mo jáde síta láàárọ̀, mo fetí sílẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ nìkan ló ń ké.

"Màmá, mọ́tò ń dúró o," ni ọmọ mi wí.

Mo jókòó lórí àpótí rẹ̀. Mo ní kó fara balẹ̀, mi ò tíì gbọ́ ẹyẹ.